Ohùn Ò Sọnù, Ọ̀nà Ló Ṣì

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ ní Ẹ̀pẹ́ fún àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, àwọn tó ni bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, àti àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn ní ilé ìjọsìn

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fi iṣẹ́ Sátidé sílẹ̀ wá síbí, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Wọ́n ti sọ fún mi pé kí n má pẹ́, nítorí àwọn tó fẹ́ dé ọjà Olúwo kí ẹja tó tán wà láàárín wa. Mo gbọ́. Kò sí ẹni tó lè bá ẹja du èrò ní Ẹ̀pẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, aago mẹ́wàá ku díẹ̀, ọmọkùnrin kan pè mí lórí fóònù. Fídíò ìgbéyàwó ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò sì jìnnà sí gbọ̀ngàn tí a wà yìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohùn kọ̀ǹpútà mi ti lọ." Mo ní, "Ó lọ síbo?" Ó dákẹ́. Ó rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àárọ̀ ọjọ́ kejì sì ni ìyàwó tuntun ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo gbé wá fún yín lónìí. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ṣì ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fẹjọ́ ara mi sùn.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, tí mo rò pé kò sí kọ̀ǹpútà tí apá mi ò ká, tíṣà kan gbé tiwọn wá. Kò fọhùn mọ́. Mo wò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo yọ dráífà, ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀rọ ohùn, mo fi òmíràn sí i, kò dáhùn. Ni mo bá sọ gbólóhùn tí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ máa ń sọ bí ọgbọ́n bá ti tán: "Windows yìí ti bàjẹ́, àfi ká fọ́máàtì ẹ̀." Fọ́máàtì a máa nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí náà mo bi wọ́n bóyá nǹkan pàtàkì wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní ìbéèrè ìdánwò táàmù yẹn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ti kó o sórí flash. Mo fọ́máàtì. Ìgbà tí a ki flash bọ̀ ọ́, shortcut, àmì tó kàn ń tọ́ka sí ibi tí fáìlì wà, ló wà níbẹ̀, kò sí fáìlì kankan. Ìbéèrè kíláàsì mẹ́ta di àwátì. Èyí tó wá bu iyọ̀ sí i ni pé lẹ́yìn gbogbo làálàá yẹn, kọ̀ǹpútà ò tún fọhùn. Ọ̀gá mi ni wọ́n yà kí mi nírọ̀lẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àpótí, wọ́n yọ wáyà HDMI tó lọ sára mọ́nítọ̀, wọ́n fi wáyà VGA, tí kì í gbé ohùn, rọ́pò rẹ̀, orin bú jáde láti inú sípíkà. Inú mọ́nítọ̀ ni ohùn ti ń lọ láti ọjọ́ yìí wá, mọ́nítọ̀ ọ̀hún ò sì ní sípíkà. Ọ̀gá mi ò bá mi wí. Wọ́n mú fìlà wọn, wọ́n jáde.

Láti ọjọ́ náà, n kì í sọ pé ohùn kọ̀ǹpútà bàjẹ́ mọ́ títí n óò fi mọ ibi tó gbà lọ.

Ẹ wò ó. Nígbà tí ẹ bá tẹ orin kan, ètò tó ń kọ orin náà kò mọ sípíkà yín rí. Windows ló gbé ohùn fún. Windows á pa á pọ̀ mọ́ ohùn àwọn ètò yòókù bí ẹni lọ ata pọ̀ mọ́ tòmátì, á wá gbé gbogbo rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ti sọ fún un pé kó máa gbà. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń pè ní default device. Dráífà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun ló ń bá ẹ̀rọ sọ èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Lẹ́yìn dráífà ni ohùn tó dé ara bọ́ọ̀dù, pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà, kó tó gba ihò jáàkì, kó tó wọ wáyà, kó tó dé sípíkà. Bí ẹnikẹ́ni bá yí ẹnu ọ̀nà yẹn padà, ohùn ò ní jà, kò ní pariwo, ibi tí wọ́n darí rẹ̀ sí ni yóò lọ. Ẹ̀yin tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi mọ̀ pé ẹni tó wọ ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ ní èbúté kò sọnù. Yóò gúnlẹ̀. Èbúté tó gúnlẹ̀ sí ni ẹ máa wá.

Ọ̀nà tí mo fi ń wá a rèé. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ mmsys.cpl sínú àpótí kékeré tó bá yọ, ẹ tẹ Enter. Ojú ewé àtijọ́ kan máa ṣí. Àwọn Microsoft ti ń fi í pamọ́ sẹ́yìn àwọn ojú ewé tuntun wọn, bí ẹni fi àga àtijọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n ó wà lórí Windows 10, ó wà lórí 11, èmi ò sì tíì rí èyí tó sàn jù ú lọ. Lábẹ́ Playback, ẹ óò rí orúkọ gbogbo ẹnu ọ̀nà tí ohùn lè gbà jáde. Ẹ jẹ́ kí orin máa lọ lọ́wọ́, kí ẹ wá wo apá ọ̀tún orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ lóòró. Bí ohùn bá ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá, ìlà náà á máa jó ní àwọ̀ ewé, á máa gòkè, á máa sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìlù.

Mo fẹ́ kí ẹ fẹ́ràn ìlà yẹn bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ sípíkà yín, tí ẹ ò sì gbọ́ nǹkan kan, Windows ti ṣe tirẹ̀: jáàkì, wáyà tàbí sípíkà lẹ ó dojú ìjà kọ. Bó bá ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mọ́nítọ̀ tàbí nǹkan mìíràn, ẹ ti mú olè náà: ẹ tẹ orúkọ sípíkà yín, ẹ tẹ Set Default, ó parí. Bí kò bá sì sí èyí tó ń jó rárá, ohùn ò tíì kúrò nílé. Ó lè jẹ́ pé ètò orin yẹn nìkan ni wọ́n pa lẹ́nu mọ́, nítorí láti ìgbà Windows Vista tó dé ní 2007 ni ètò kọ̀ọ̀kan ti ní ìdiwọ̀n ohùn tirẹ̀. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ àwòrán sípíkà tó wà ní ìsàlẹ̀, ẹ ṣí Volume mixer, ẹ lè bá a pé gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀, Chrome nìkan ló dákẹ́. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tuntun nítorí ìyẹn.

Èyí tó tún máa ń ṣe bí àjẹ́ ni ti ohùn tó ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ ń gbọ́ wàásù, ẹni kan pè yín lórí WhatsApp tàbí Zoom, wàásù á rọlẹ̀ bí ẹni fi ìrọ̀rí bò ó mọ́lẹ̀. Ojú ewé kan náà ni kẹ́ ẹ lọ, abẹ́ Communications. Windows ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ìpè bá wọlé, òun yóò dín ohùn yòókù kù ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ yàn Do nothing. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká ṣubú lulẹ̀ lọ sábẹ́ tábìlì, nítorí ibẹ̀ ni ìdajì owó tí mo ti gbà nídìí iṣẹ́ yìí wà.

Ẹ wo sípíkà kékeré méjì tó wà níwájú mi yìí, irú èyí tí gbogbo wa ń rà. Ìrù méjì ló ní. Ọ̀kan jẹ́ USB, ìkejì jẹ́ jáàkì tín-ín-rín, mílímítà mẹ́ta àti ààbọ̀. Ẹni tó rà á á dé ilé, á ki USB bọ kọ̀ǹpútà, iná búlúù á tàn lára sípíkà, inú rẹ̀ á dùn. Kò ní gbọ́ nǹkan kan. Iná lásán ni ìrù USB yẹn ń mu. Kò gbé ohùn. Ìrù kejì ló ń gbé ohùn, ìyẹn sì ń fì dirodiro lẹ́yìn tábìlì. Ẹ má rẹ́rìn-ín, torí nínú yín tó ń rẹ́rìn-ín yìí, ẹni tó pè mí nítorí rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ihò wo ni kẹ́ ẹ ki ìrù kejì sí? Ti àwọ̀ ewé. Pupa fẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ ti máìkì, búlúù jẹ́ ti ohùn tó ń wọlé láti ara ẹ̀rọ mìíràn. Microsoft àti Intel ló to àwọ̀ wọ̀nyẹn sínú ìlànà kan tí wọ́n pè ní PC 99, ọ̀pọ̀ aṣe-kọ̀ǹpútà sì gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: lára ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù tó ń lo ẹ̀rọ ohùn Realtek, bí ẹ bá ki jáàkì bọ ihò, fèrèsé kékeré kan á yọ, á bi yín pé kí lẹ kì bọ̀ ọ́. Ọmọ tó ń kánjú á tẹ OK láìkà á. Bó bá jẹ́ Mic In ló fọwọ́ tẹ̀, ihò àwọ̀ ewé ti di ihò máìkì nìyẹn, sípíkà á yadi títí ẹnì kan á fi yọ wáyà, tó tún un kì, tó sì ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Kí ẹ tó fẹ̀sùn kan kọ̀ǹpútà, ẹ yọ jáàkì sípíkà, ẹ ki í bọ fóònù tó bá ní ihò earpiece. Bó bá kọrin lára fóònù, sípíkà yè. Bí kò bá kọrin, ẹ ti fi ìṣẹ́jú kan mọ ohun tí èmi ti fi ọjọ́ mẹ́ta wá rí.

Ìyá kan níwájú níhìn-ín ń béèrè ìdí tí tiwọn fi máa ń họ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá fọwọ́ kan wáyà. Ìyá mi, ṣé ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà ni ṣọ́ọ̀bù yín? Mo rò bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin ló ń jẹ irin inú jáàkì, ó ń dì í ní ìpẹtà. Kẹ́ ẹ pa kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ fọ́n contact cleaner, oògùn tí wọ́n fi ń fọ irin inú ẹ̀rọ iná, díẹ̀ sínú ihò, tàbí kẹ́ ẹ fi òwú àti isopropyl alcohol nu ẹnu jáàkì, kẹ́ ẹ kì í, kẹ́ ẹ yọ ọ́, bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó tàn án. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe epo ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ó kù ọ̀rọ̀ àwọn ìbejì, ìyẹn ẹ̀rọ ohùn kan tó ń yọ ní orúkọ púpọ̀, òun ni wọ́n sì torí ẹ̀ pè mí.

Púpọ̀ nínú yín ló ti ṣí ojú ewé Playback yẹn, tí ẹ rí Speakers, tí ẹ tún rí Speakers, tí ẹ tún rí òmíràn tó ń jẹ́ 2- USB Audio Device, nígbà tó jẹ́ pé sípíkà kan ṣoṣo lẹ ní láyé. Ojú ará Ẹ̀pẹ́ kò yẹ kó dà rú níbi ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìparí ọdún 1851 tí àwọn Òyìnbó lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó, ibí ni wọ́n sá wá pẹ̀lú àwọn èèyàn wọn. Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wọn ò bá wọn lọ tán, ìdí nìyẹn tí a fi ní Èkó-Ẹ̀pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ títí dòní. Bí ẹ bá rán ọmọ àlejò níṣẹ́ tí ẹ ní "lọ bá mi kí bàbá yẹn ní Ẹ̀pẹ́", Ẹ̀pẹ́ méjèèjì ló jẹ́ Ẹ̀pẹ́. Ó máa dé Ẹ̀pẹ́, kó má sì rí bàbá.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bí ìbejì yìí, mo mọ̀ ọ́n lọ́nà mélòó kan. Èkíní ni ti mọ́nítọ̀ tí mo fi jẹ́jọ́ níṣàájú. Wáyà HDMI àti DisplayPort ń gbé àwòrán, wọ́n sì lè gbé ohùn. Nítorí náà, kété tí ẹ bá ti so mọ́nítọ̀ mọ́ ọn, Windows lè kọ orúkọ mọ́nítọ̀ náà sílẹ̀ bí ẹni tó lè sọ̀rọ̀, ìbáà ní sípíkà, ìbáà má ní. Ẹ máa rí i lórúkọ bíi Intel Display Audio tàbí NVIDIA High Definition Audio. Ó máa ń wù ú láti gba ipò default lẹ́yìn tí iná bá lọ tó dé, tàbí lẹ́yìn tí Windows bá ṣe update. N kì í pa á rẹ́. Mo máa ń fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ orúkọ rẹ̀, mo máa ń yàn Disable, ó máa ń dákẹ́, nítorí lọ́jọ́ tí wọ́n bá so kọ̀ǹpútà yẹn mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á tún nílò rẹ̀.

Ti USB ló dùn mọ́ mi jù, nítorí ó pẹ́ kó tó yé mi. Ẹ wo nǹkan kékeré yìí, kò ju ìka ọwọ́ lọ: sound card USB, ihò méjì ló wà lára rẹ̀, ti earpiece àti ti máìkì. Gbogbo wa ló ń rà á fún àwọn oníbàárà tí ohùn ara bọ́ọ̀dù wọn ti kú lóòótọ́. Ẹ̀rọ USB tó dára máa ń ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ nínú, bí nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kékeré yìí ni wọn ò kọ nọ́ńbà kankan sí nínú. Níwọ̀n bí kò ti ní nọ́ńbà, ihò tí wọ́n kì í bọ̀ ni Windows fi ń dá a mọ̀. Ẹ kì í bọ ihò ẹ̀yìn lónìí, ó ní orúkọ. Ẹ yọ ọ́ lọ́la, ẹ kì í bọ ihò iwájú, Windows á wò ó, á ní "àlejò tuntun rè é", á ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lórúkọ: 2- USB Audio Device. Ihò kẹta, 3- USB Audio Device. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ètò tí ẹ ti sọ fún pé kó máa gba ti àkọ́kọ́ ṣì ń wá ti àkọ́kọ́. Ohùn wàásù tí ẹ ń gbà sílẹ̀ lórí Zoom lè dákẹ́ nítorí pé ọmọ kan gbálẹ̀, ó yọ USB, ó kì í padà sí ihò tó súnmọ́ ọn. Ní ilé mi, ọ̀dà èékánná ìyàwó mi ni mo fi sàmì sí ihò tó jẹ́ ti sound card yẹn. Ìyàwó mi ò tíì mọ̀.

Láti kó àwọn òkú orúkọ wọ̀nyẹn dànù, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ àmì Windows, ẹ yàn Device Manager. Lókè, ẹ tẹ View, kẹ́ ẹ yàn Show hidden devices. Ẹ ṣí Sound, video and game controllers, ẹ tún ṣí Audio inputs and outputs. Àwọn tó yọ ní àwọ̀ tó ṣá, tó dà bí eérú, ni àwọn tí kò sí lára kọ̀ǹpútà lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Ẹ lè fi Uninstall device yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò ní ṣe wọ́n ní jàǹbá: bí ẹ bá tún kì wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́la, wọ́n á padà wá. Àmọ́ bí ó bá yọ àpótí kan jáde tó ní kẹ́ ẹ pa dráífà rẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú, ẹ má fọwọ́ sí i bí ẹ ò bá ní dráífà mìíràn lọ́wọ́.

Ti Bluetooth yàtọ̀ díẹ̀. Lórí Windows 10, headset kan ṣoṣo máa ń yọ ní orúkọ méjì: Stereo àti Hands-Free. Ọ̀kan ni wọ́n, iṣẹ́ wọn ni kò dọ́gba. Stereo ń gbé orin tó mọ́ gaara, kò sì mú máìkì dání. Hands-Free mú máìkì dání, ṣùgbọ́n orin tó bá gba ibẹ̀ á dún bí ẹni ń kọrin nínú agolo. Ẹni tó bá ní headset òun ti bàjẹ́, tí orin ń dún bí ìpè fóònù, ẹ wò ó bóyá ètò kan ti ṣí máìkì rẹ̀. Windows 11 ti pa méjèèjì pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, èyí tó dára fún ojú, ṣùgbọ́n máìkì tó bá ń ṣiṣẹ́ ṣì lè ba orin jẹ́.

Àwọn dráífà náà ń bí ìbejì, àwa la sì ń bí wọn. Ohùn ò jáde, ọmọ á wọ íntánẹ́ẹ̀tì, á wa Realtek kan wá, kò ṣiṣẹ́, á wa òmíràn, á tún wa ètò kan tó ṣèlérí pé òun á wá gbogbo dráífà fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí nǹkan ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dráífà, ẹ wo orúkọ àti nọ́ńbà ara kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sí ojúlé ẹni tó ṣe é, HP ni o, Dell ni o. Bí kò bá sì sí níbẹ̀ mọ́, èyí tí Windows fúnra rẹ̀ ní, tó ń jẹ́ High Definition Audio Device, máa ń tó jẹun. Intel ló gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 2004, ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ń wọlé lọ́jọ́ òní ló sì gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe, ẹ tẹ Restart. Ẹ má tẹ Shut down. Mo mọ̀ pé ó dà bíi pé Shut down ló le jù, ṣùgbọ́n láti ìgbà Windows 8 ni wọ́n ti ń fi Fast Startup sí i: bí ẹ bá pa á, kì í sùn tán, ó ń fi ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ pamọ́ kó lè tètè jí. Dráífà tó ń ṣàìsàn ń bá a sùn, ó ń bá a jí. Restart ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí àwòrán sípíkà bá ní àmì X pupa, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Windows ò rí ẹ̀rọ ohùn kankan. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti pa á ní Device Manager. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wo BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé, torí bátìrì CR2032 tó ti kú lára bọ́ọ̀dù lè mú kí BIOS gbàgbé ohun tí wọ́n yàn sínú rẹ̀. Tàbí kẹ́ ẹ ṣí services.msc bí ẹ ṣe ṣí mmsys.cpl, kẹ́ ẹ wò ó bóyá Windows Audio àti Windows Audio Endpoint Builder ń ṣiṣẹ́. N ò ní pẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe ojoojúmọ́ lẹ máa bá a pàdé.

Àwọn ìbéèrè wá. Alàgbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì ní tiwọn kì í dákẹ́, ńṣe ló ń kùn húùù bí oyin nígbà tí wọ́n bá so kọ̀ǹpútà mọ́ mixer, ẹ̀rọ tó ń pa ohùn pọ̀. Mo bi wọ́n: ṣé ihò iná kan náà ni méjèèjì ti ń mu iná? Wọ́n ní rárá, kọ̀ǹpútà wà lórí inverter, mixer wà lórí jẹnẹrétọ̀. Ẹ so wọ́n mọ́ orísun kan, lórí extension kan náà. Bó bá ṣì kù, ẹ ra ground loop isolator kékeré kan, ohun tó ń dènà irú kíkùn bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi í sáàárín wáyà ohùn wọn. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe, tí mo sì ti bá lọ́wọ́ ẹni kan, ni kẹ́ ẹ gé ẹsẹ̀ kẹta lára plug. Kíkùn á lọ lóòótọ́. Ẹ̀rọ á sì lè gbá ẹni tó bá di máìkì mú.

Ọmọbìnrin kan béèrè bí ẹni tó ń lo Linux dípò Windows ṣe máa ṣe é. Ìdí rẹ̀ ò yàtọ̀, ojú ewé ló yàtọ̀: ẹ fi ètò kan tó ń jẹ́ pavucontrol sí i, ẹ óò rí ìlà tó ń jó níbẹ̀ náà, àti ibi tí ètò kọ̀ọ̀kan ń gbé ohùn rẹ̀ lọ, ẹ sì lè fọwọ́ darí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí orin bá ń lọ lọ́wọ́. Lójú tèmi, ti Linux hàn kedere ju ti Windows lọ.

Ẹnì kan wá pariwo láti ẹ̀yìn: "Ẹ ò sọ ti onífídíò fún wa o!"

Òótọ́ ni. Nígbà tí mo fi máa dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ti fi dráífà mẹ́ta sí i, ojú ewé Playback rẹ̀ sì kún fún orúkọ bí ìwé ìpolongo ìbò. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni, irú Dell OptiPlex àtijọ́ tó fẹ̀, àpótí rẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní CPU wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní kó tan fídíò ìgbéyàwó yẹn, kó sì pa fáànù. Ó ní kí nìdí. Mo ní kó ṣáà pa á. Ó pa á. Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ṣí mmsys.cpl: ìlà ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Speakers, ó ń jó dáadáa. Ni mo bá fọwọ́ tọ wáyà sípíkà lọ sẹ́yìn tábìlì, ìdí jáàkì wà lọ́wọ́ mi, orí rẹ̀ ò sí nínú ihò kankan. Ìgbà tó ń fa tábìlì láti gbálẹ̀ ló ti yọ, lọ́sàn-án, kó tó fi dráífà àkọ́kọ́ sí i.

Ó dá mi lóhùn pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí òun ti gbọ́ ìlù kan ní gbogbo alẹ́ yẹn, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, òun sì rò pé àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ilé ló ń ṣe ìnáwó. Mo ní kó kúnlẹ̀, kó gbé etí lé àpótí náà. Irú Dell yẹn máa ń ní sípíkà kékeré kan nínú, tó ń sọ̀rọ̀ bí jáàkì kankan ò bá sí nínú ihò. Ó gbé etí lé e. Ó dìde, ó wò mí, ó tún kúnlẹ̀, ó tún gbé etí lé e.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "àwọn onílù wà nínú ẹ̀."